Omi Nínú Ilẹ̀ Olókùúta: Bí A Ti Ń Gbẹ́ Kàǹga àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ọlọ́kòkó ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀rùn àti ní Emùré, ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí kàǹga ní í ṣe pẹ̀lú kòkó, kí ó ro ti ọ̀gbìn kòkó tí ó wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ibòji. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbin hóró rẹ̀, kí ó lè tó í lọ́ sí oko nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ni ọ̀gbìn náà ń dàgbà, nígbà tí odò kéékèèké ti gbẹ, tí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ń jí lóru lọ tò sí ìdí kàǹga. Ẹni tí kàǹga rẹ̀ bá gbẹ ní oṣù Kejì, ọ̀gbìn rẹ̀ yóò gbẹ tẹ̀lé e, iṣẹ́ ọdún kan sì di òfo.

Kí a tó lè gbẹ́ kàǹga tí kì í gbẹ, ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí a ń gbé orí rẹ̀. Kò sí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí kò mọ Olósùnta àti Òròlé. Ìlú náà wà láàárín àpáta, ọ̀nà rẹ̀ sì ń gba àlàfo àárín òkè kọjá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò ni pé àpáta tí ó yọrí sókè yìí kò dá dúró bí ìkòkò tí a gbé kalẹ̀. Irú rẹ̀ kan náà ni ó tẹ́ lọ lábẹ́ oko àti lábẹ́ ilé wa, àfi pé erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ní etí òkun lọ́hùn-ún ní Èkó, iyanrìn ni ó wà nísàlẹ̀ jìnnà réré, omi sì wà nínú iyanrìn náà káàkiri. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ òkúta kì í mu omi. Ibi méjì péré ni omi lè sá pamọ́ sí ní ilẹ̀ wa: inú òkúta tí ó ti jẹrà, àti inú pàlàpálá tí ó wà lára akọ òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a bá agbẹ́kàǹga sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ bá ni erùpẹ̀ tí a ń gbin nǹkan sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yangí pupa, lẹ́yìn yangí ni amọ̀ alábàwọ́n. Nígbà tí ó bá kọjá amọ̀, yóò bá ohun kan tí ó ní ojú àti àwọ̀ òkúta, ṣùgbọ́n tí ó ń rún sí i lọ́wọ́ bí àkàrà gbígbẹ. Òkúta jíjẹrà nìyí. Omi òjò ni ó ti ń jẹ ẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá títí ó fi rọ̀. Àárín hóró rẹ̀ ni omi dúró sí, ibẹ̀ sì ni kàǹga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ti ń rí omi. Lábẹ́ rẹ̀ ni akọ òkúta tí ó ní pàlàpálá. Lábẹ́ ìyẹn ẹ̀wẹ̀ ni akọ òkúta tí ó dì, tí kò ní nǹkan kan nínú.

Gbogbo òkúta kọ́ ni ó sì ń jẹrà bákan náà. Ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, òkúta kan wà tí ó dúdú, tí ó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Nígbà tí ó bá jẹrà, amọ̀ ni ó sábà máa ń dà. Amọ̀ lè kún fún omi bí kànìnkànìn, síbẹ̀ kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kàǹga sínú rẹ̀ lè fa korobá mẹ́wàá ní òwúrọ̀, kí ó sì dúró di ìrọ̀lẹ́ kí omi tó padà. Ṣùgbọ́n òkúta aláwọ̀ eérú tí hóró funfun ńláńlá wà nínú rẹ̀ a máa jẹrà di ohun tí ó dà bí iyanrìn, èyí sì ń jọ̀wọ́ omi kíákíá. Ìdí nìyí tí kàǹga ẹni méjì tí ilé wọn súnmọ́ra fi lè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí rere tàbí orí burúkú.

Èyí ni ó mú wa dé orí èrò kan tí ó ti ná ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní owó kòkó wọn. Wọn a ní bí a bá ti lu ilẹ̀ jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ wa, ẹrù òkúta tí ó wà lókè a máa tẹ pàlàpálá ìsàlẹ̀ pa, débi pé bí ẹ̀rọ bá ti kọjá nǹkan bí 250 ẹsẹ̀ bàtà láìrí omi, ìrètí tí ó kù kò tó nǹkan. Ẹlẹ́rọ tí ó ń gba owó lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan kì í yára sọ èyí fún yín. Ibi tí a lu ṣe pàtàkì ju bí a ti lù ú jìn tó lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹlẹ́rọ, ẹ pe àwọn tí ń dán ilẹ̀ wò. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe idán. Wọn a kan ọ̀pá irin mélòó kan mọ́lẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọn a rán agbára iná mànàmáná gba inú ilẹ̀ kọjá, wọn a sì wọn bí ilẹ̀ ti ń dènà rẹ̀ tó. Akọ òkúta gbígbẹ a dènà rẹ̀ púpọ̀. Òkúta jíjẹrà tí omi wà nínú rẹ̀ a jẹ́ kí ó kọjá. Bí wọ́n ti ń sún àwọn ọ̀pá náà jìnnà síra ni wọ́n ń mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ sí i. Amọ̀ pẹ̀lú a máa jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà ẹni tí ó mọ ilẹ̀ agbègbè wa ni kí ẹ wá, kí ó má baà fi amọ̀ pe omi. Owó tí ẹ ó san fún un kéré púpọ̀ sí iye tí kàǹga òfìfo kan yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹni tí yóò fi ọwọ́ gbẹ́ tirẹ̀ lè fi ojú wá ibi tí ó dára. Kí ó sá fún ẹ̀bá àpáta tí ó hàn sórí ilẹ̀, nítorí pé erùpẹ̀ ibẹ̀ kò nípọn. Kí ó wá ibi pẹrẹsẹ tàbí kòtò láàárín òkè méjì, níbi tí omi òjò ti ń rọra rì. Kí ó sì rìn yíká àdúgbò ní oṣù Kejì, kí ó máa wo kàǹga àwọn aládùúgbò: èwo ni omi ṣì wà nínú rẹ̀, èwo ni ó ti gbẹ? Ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ni. Kàǹga gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ìgbẹ́ ní ó kéré tán 100 ẹsẹ̀ bàtà, kí ó sì wà ní apá òkè rẹ̀, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀. Bákan náà ni ti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ibi ìsìnkú.

Àwọn àgbà ní kí òùngbẹ tó gbẹni ni a ti ń gbẹ́ kàǹga. Òótọ́ ni, kí a sì ti kó owó àti sìmẹ́ńtì jọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n oṣù tí òùngbẹ ń gbẹ gbogbo ènìyàn, èyíinì ni oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, ni ó yẹ kí a parí gbígbẹ́ rẹ̀. Omi inú ilẹ̀ a máa gòkè nígbà òjò, a sì máa lọ sílẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ kàǹga ní oṣù Kẹsàn-án yóò bá omi ní òkè, yóò yọ̀, yóò sì dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ó bá di oṣù Kejì, omi yóò ti lọ sí abẹ́ ìdí kàǹga rẹ̀. Bí ẹ bá bá omi ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ tún wà á lọ síwájú sí i títí omi yóò fi wọlé ju èyí tí ẹ lè gbọ́n dànù lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kàǹga ń pa ènìyàn, kì í sì í ṣe nípa rírì sínú omi nìkan. Afẹ́fẹ́ búburú a máa kó jọ sí ìdí kàǹga, pàápàá èyí tí a ti bò fún ìgbà pípẹ́. Kò ní àwọ̀, ó sì lè má ní òórùn. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ fi okùn sọ àtùpà títàn kalẹ̀ dé ìdí. Bí iná rẹ̀ bá rẹ̀ tàbí tí ó bá kú, ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ so ẹ̀ka eléwé púpọ̀ mọ́ okùn, ẹ máa jù ú sísàlẹ̀, ẹ máa fà á sókè fún ìgbà pípẹ́ kí afẹ́fẹ́ tuntun lè wọlé, kí ẹ tó tún dán an wò. Níbi tí òórùn epo bẹntiróòlù bá wà, ẹ má ṣe mú iná dé ibẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n àtùpà kò mọ gbogbo oró. Pọ́ńpù tí ó wà lórí ilẹ̀ kò lè fa omi mu láti ìsàlẹ̀ ju nǹkan bí 25 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pọ́ńpù elépo kalẹ̀ sínú kàǹga nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́n ọ́n gbẹ. Èéfín ẹ̀rọ náà yóò kún inú kàǹga. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí àtùpà lè máa jó geere nínú rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń kú lọ. Agbẹ́kàǹga á wọlé, á ṣubú. Arákùnrin rẹ̀ á sáré wọlé láti gbé e, òun náà á ṣubú. Ẹnì kẹta á tẹ̀lé wọn. Báyìí ni ilé kan ṣe ń pàdánù ènìyàn mẹ́ta ní ọ̀sán kan. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ elépo sínú kàǹga tàbí sí etí rẹ̀ láé. Korobá ni kí ẹ fi gbọ́n ọn, tàbí pọ́ńpù oníná tí a ń rì sínú omi, kí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ wá. Okùn tí ó lágbára gbọ́dọ̀ wà ní abẹ́ apá ẹni tí ó wọlé ní gbogbo ìgbà, kí ọkùnrin mẹ́ta sì dì í mú lókè. Bí kò bá dáhùn, wọn yóò fà á jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Nípa kíkọ́ etí kàǹga, ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tí a fọ̀ tẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ sọ òrùka kọnkéré kalẹ̀, kí ẹ sì dí ojú ìpàdé wọn pẹ̀lú sìmẹ́ńtì ní nǹkan bí 10 ẹsẹ̀ bàtà láti òkè, kí omi ìdọ̀tí má baà ráyè wọlé; ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi ihò sí fún omi. Ẹ mọ ògiri yí etí rẹ̀ ká tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gíga, ẹ tẹ́ sìmẹ́ńtì yí i ká pẹ̀lú ojú ìṣàn tí yóò gbé omi lọ jìnnà, ẹ sì fi ìdérí tí ó bò ó dáadáa sí i.

Àwọn àgbà yóò rántí ohun tí ògiri kékeré yẹn gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí sòbìà bá ń yọ lẹ́sẹ̀ a máa wọ inú omi láti pọn ọ́n, ibẹ̀ ni ọmọ kòkòrò náà sì ti ń bọ́ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí a kà pé ó ń bá jà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Omi tí ẹnikẹ́ni kò lè ti ẹsẹ̀ bọ̀, àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀: ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní i kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Fún kàǹga tí a fi ẹ̀rọ lu, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rọ ti páìpù bọ̀ ọ́ kọjá gbogbo òkúta jíjẹrà, kí ó sì fi sìmẹ́ńtì dí òkè rẹ̀. Kí ó fa omi fún wákàtí púpọ̀ ní ìṣojú yín kí ẹ tó san owó tí ó kù. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ní kíkọ sílẹ̀ ṣáájú, ta ni yóò ru òfò bí kò bá sí omi. Ní èrò tiwa, ó sàn kí ará ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin da owó pọ̀ lu ọ̀kan ní ibi tí ó dára ju kí olúkúlùkù lu tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ níbi tí kò dára.

Ìtọ́jú kò le. Okùn kan àti korobá kan ni kí ó wà fún kàǹga, kí a má sì gbé wọn sílẹ̀. Ẹ má ṣe po oògùn kòkó, ẹ má sì ṣe fọ ẹ̀rọ ìfín-oògùn ní ìdí kàǹga. Agolo oògùn kò gbọdọ̀ di ohun ìpọnmi. Gámálìn tí àwọn bàbá wa ń lò ni a ti fi òfin dè, nítorí oró rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Ní oṣù Kẹta, ẹ kó ẹrẹ̀ ìdí kàǹga, ẹ fọ ògiri rẹ̀, kí ẹ sì fi kílórìn-ín sí i. Kàǹga tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ń gba nǹkan bí lítà 356 nínú ẹsẹ̀ bàtà omi kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí omi inú rẹ̀ bá jìn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ó tó lítà 1,780. Fún lítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ẹ po 30 gíráàmù kílórìn-ín oníyẹ̀fun, irú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún, sínú lítà omi 10 ní ìta gbangba, kí ẹ sì dà á sínú kàǹga. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó fa omi dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi dínkù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ kàǹga lẹ́yìn tí a bá ti da kílórìn-ín sí i.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ okùn tí a so òkúta mọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì wọn iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó wà láti etí kàǹga dé ojú omi, àti láti ojú omi dé ìdí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti pé ọdún méjì, ẹ ó mọ oṣù tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n bomi rin ọ̀gbìn, agbẹ́kàǹga tí ẹ bá sì pè láti wà á jìn sí i yóò mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó kù fún un láti wà.