Ìdàrúdàpọ̀ Láàárín Àwọn Bakitéríà àti Àrùn Iyùn Inú Òkun

Iyùn pupa tí àwọn ọba fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Iyùn tí ó ń kọ́ òkìtì sínú òkun ni. Ẹranko ni, kì í ṣe òkúta, kò sì dá gbé. Ewé omi tín-ín-tìn-ìn-tín ń gbé inú ara rẹ̀, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fún un. Ọ̀kẹ́ àìmọye bakitéríà sì wà nínú omi yíyọ̀ tí ó fi bo ara. Àwọn kan nínú wọn ń tú oró tí kì í jẹ́ kí àjèjì rí àyè.

Kim Ritchie ṣe ìwádìí èyí lára iyùn Acropora palmata ní Florida, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Omi yíyọ̀ ara iyùn tí ó le ń dí bakitéríà mìíràn lọ́wọ́ àtigbilẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbà nígbà tí òkun gbóná ní 2005 kò ní agbára náà mọ́. Àwọn bakitéríà ìdílé Vibrio ni wọ́n gba ilé.

Òfin Robert Koch, ará Jámánì, a máa wá ọ̀daràn kan ṣoṣo fún àrùn kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ó jẹ́ pé àìsí ẹ̀ṣọ́ ni ó sọ ilé di ahoro, òfin yẹn kò tó. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú dá Vibrio lẹ́bi níbi gbogbo: igún tí ènìyàn bá nídìí òkú ẹran kọ́ ni ó pa á.

Àrùn tí ń bó ẹran ara iyùn, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nítòsí Miami ní 2014, mú ìṣòro yìí le sí i. Okùnfà rẹ̀ kò tíì hàn. Bí wọ́n bá fi amoxicillin tí wọ́n pò mọ́ ohun lílẹ̀ kun etí egbò, egbò náà sábà máa ń dúró. Èyí fi hàn pé bakitéríà lọ́wọ́ sí i. Kò fi hàn pé àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oògùn náà kì í sì í dènà egbò tuntun. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí fi ń gbìyànjú láti dá ẹ̀ṣọ́ padà: bakitéríà Pseudoalteromonas kan, tí wọ́n rí lára iyùn tí àrùn náà kò tètè mú, dá egbò dúró tàbí kí ó fà á sẹ́yìn lára ọ̀pọ̀ iyùn Montastraea cavernosa nínú agbada omi, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 ti wí. Òkun kì í ṣe agbada. Iyùn kọ̀ọ̀kan ni àwọn òmùwẹ̀ ní láti wẹ̀ lọ bá.