Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo ni «ls | wc -l» ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú èdè C?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà Àgbowó, ẹ bá wa dé ìdí ẹ̀rọ ata ní ọjà Bódìjà. Ẹnì kan ń bu ata sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń lọ̀ ọ́, abọ́ ń gbà á nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró kí ẹnì kejì parí.

Bí páìpù, ìyẹn àmì | tó wà láàárín ls àti wc, ṣe rí nìyẹn. Doug McIlroy dábàá rẹ̀ ní 1964; Ken Thompson fi í sínú Unix ní 1973.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ fúnra yín:

1. pipe(fd) á fún yín ní ojú méjì: fd[0] fún kíkà, fd[1] fún kíkọ.

2. Ẹ fi fork() bí ọmọ méjì: ọ̀kan fún ls, ọ̀kan fún wc.

3. Ọmọ àkọ́kọ́: dup2(fd[1], 1). Èkejì: dup2(fd[0], 0). Torí 0 ni ọ̀nà àbáwọlé, 1 ni ọ̀nà àbájáde.

4. Àwọn ọmọ àti òbí, kí kálukú fi close() ti fd méjèèjì pa. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ pe execvp(), kí òbí pe waitpid().

Ìgbésẹ̀ kẹrin ló ń dá ọ̀pọ̀ láàmú. Bí ojú kíkọ bá ṣì ṣí síbì kan, wc á rò pé ata ṣì ń bọ̀. Á kàn jókòó ni, kò ní dáhùn.

«ls > oja.txt» ńkọ́? Ìyẹn ò nílò páìpù. Ẹ fi open() ṣí fáìlì pẹ̀lú O_WRONLY | O_CREAT | O_TRUNC àti 0644, kẹ́ ẹ fi dup2 gbé e sórí 1. Fún >>, O_APPEND ló ń rọ́pò O_TRUNC.

ls ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan yí padà. Abọ́ nìkan lẹ pààrọ̀.