Adójútòfò Ilé Ìjọba: Iye Tó Wà Nínú Ìwé Ló Ń Pinnu Iye Tí Ìlú Yóò Gbà

Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Ààrẹ ti kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 pé Ààrẹ Bola Tinubu ti buwọ́ lu òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò, iye owó tí àwọn iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní lápò ni ìròyìn ń sọ ṣáá: bílíọ̀nù 15 náírà fún àwọn tó ń mójú tó ilé, ọkọ̀ àti ọjà, bílíọ̀nù 10 fún àwọn tó ń ṣe ti ẹ̀mí, bílíọ̀nù 35 fún àwọn tó ń dúró lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò yòókù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìjọba tún sọ pé òun yóò fi ọwọ́ líle mú àwọn ètò adójútòfò tí òfin sọ di dandan, ti ilé tí ará ìlú ń wọ̀ sì wà lára wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣi òfin lóye.

Ohun tí wọ́n rò ni pé bí ilé ìjọba bá ti ní adójútòfò tí òfin béèrè, bó bá jóná, iléeṣẹ́ adójútòfò ni yóò tún un kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2003, tí tuntun yìí rọ́pò, ti là á sílẹ̀ ní abala 65: onílé gbọ́dọ̀ ra adójútòfò nítorí ẹni tó bá kú, ẹni tó bá farapa tàbí ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ṣòfò nígbà tí ilé náà bá wó, tó bá jóná, tàbí tí ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì tàbí omíyalé bá kọ lù ú. Lábẹ́ òfin ọdún 2003 yẹn, ẹni tó bá kọ̀ ní láti san ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ẹni tó wà nínú ilé ni abala yìí ń rò, kì í ṣe ògiri. Bí ọsibítù bá jóná lóru tí kò sí ẹni tó farapa, tí ẹrù ẹnikẹ́ni kò sì bá a lọ, ètò yìí kò ní san kọ́bọ̀ kan lórí òrùlé rẹ̀. Èyí tí yóò tún òrùlé ṣe jẹ́ àdéhùn mìíràn, ìlú ló sì gbọ́dọ̀ jókòó yàn án.

Yíyàn náà kò rọrùn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nínú rògbòdìyàn, wọ́n dáná sun Ilé-ẹjọ́ Gíga tó wà ní Igbosere àti City Hall ní Erékùṣù Èkó, àwọn bọ́ọ̀sì BRT sì jóná ní Oyingbo. Àdéhùn adójútòfò iná, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láti ìpìlẹ̀, kì í san owó lórí iná tí àwọn èèyàn dá nígbà rògbòdìyàn, àfi bí oníbàárà bá ti béèrè kí wọ́n fi kún un, tó sì sanwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omíyalé. Nítorí náà, ìjọba lè ní ìwé adójútòfò iná lọ́wọ́, kí ilé jóná di eérú, kí ìwé náà má sì ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi rògbòdìyàn àti omíyalé kún un, ohun mìíràn ṣì wà tó máa ń dun ìlú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó jẹ́ gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn tí kì í gùn, tí àwọn oníṣẹ́ adójútòfò ń pè ní average. Ohun tó wí ni pé bí iye tí ẹ kọ sílẹ̀ fún ilé yín bá kéré sí iye tí yóò náni láti tún un kọ́, ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ ni ẹ jọ máa pín òfò náà, kódà bí òfò ọ̀hún kò bá tó iye tí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní bílíọ̀nù 2 náírà ni yóò náni láti tún ọsibítù ìjọba kan kọ́ lónìí, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 800 ló wà nínú ìwé. Iná jó apá kan, àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 500. Alága ìjọba ìbílẹ̀ lè fọkàn balẹ̀ pé 500 kò kúkú tó 800, owó á pé. Owó kò ní pé. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù 2 ni mílíọ̀nù 800, nítorí náà ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún òfò náà ni iléeṣẹ́ yóò san: mílíọ̀nù 200. Mílíọ̀nù 300 tó kù di ti ìlú.

Ọ̀pọ̀ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí máa ń pè é ní jìbìtì. Mi ò gbà pé jìbìtì ni. Àpò kan náà ni owó gbogbo oníbàárà ń wọ̀, iye tí kálukú sì kọ pé ohun ìní òun tó ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tí yóò san lọ́dún. Ẹni tó bá dá ìdajì èsúsú kò lè retí láti kó odidi. Bí kò bá sí gbólóhùn yìí, gbogbo onílé yóò kọ iye kékeré, torí pé iná tó ń jó apá kan ilé wọ́pọ̀ ju èyí tó ń jó gbogbo rẹ̀ lọ, àpò náà yóò sì gbẹ. Àwọn àdéhùn kan tó ń san owó àtúnkọ́ máa ń fàyè díẹ̀ sílẹ̀: bí iye inú ìwé bá ti tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kì í fi average gé owó.

Ewu rẹ̀ wá pọ̀ sí i ní Nàìjíríà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́jà ìjọba. Nígbà tó fi di ìparí ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọsibítù, wáyà, irin: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti òkè òkun wá. Ilé tí wọ́n díyelé dáadáa ní ọdún 2021, tí wọ́n kàn ń tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún láì tún iye rẹ̀ wò, ti wọ inú average láì sí ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan lọ́jọ́ kan pàtó.

Àwọn kan ń bi mí léèrè pé kí ló dé tí ìlú kò fi dá àpò tirẹ̀ sílẹ̀, kó kúkú fi iléeṣẹ́ adójútòfò sílẹ̀. Ìlú Hamburg ní Jámánì ti dán irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 1676 ni ìjọba ìlú náà kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí àwọn onílé fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ jọ, wọ́n sì dá àpò iná kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Feuerkasse. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún tó lé ní 160. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, iná sọ, kò sì kú títí di ọjọ́ 8. Ó jó apá ńlá nínú àárín ìlú; wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ gbọ̀ngàn ìlú fúnra rẹ̀ kí iná má baà rí ọ̀nà kọjá. Owó inú àpò kò tó, ìlú ní láti yáwó. Àléébù rẹ̀ hàn kedere: gbogbo àwọn tó ń dá owó sí àpò náà ló ń gbé ibi kan náà, iná kan ṣoṣo sì lè kan gbogbo wọn. Lẹ́yìn iná yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá iléeṣẹ́ tó ń gbé ewu kúrò lórí àwọn adójútòfò sílẹ̀ ní ìlú Cologne, irú iṣẹ́ tí òfin Nàìjíríà ń béèrè bílíọ̀nù 35 lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Ìlú tó tilẹ̀ ra adójútòfò tó jọjú ṣì lè bá ìjà pàdé. Ní Christchurch, ní New Zealand, ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2011 pa èèyàn 185, ó sì ba gbọ̀ngàn ìlú, pápá ìṣeré àti odò ìwẹ̀ ìjọba jẹ́. Iléeṣẹ́ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà jọ ni, Civic Assurance, ló ṣe adójútòfò fún ìlú náà. Àríyànjiyàn lórí owó náà kò parí títí di ìparí ọdún 2015, nígbà tí wọ́n fẹnu kò sí mílíọ̀nù 635 dọ́là New Zealand. Irú awuyewuye tó ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá lórí ìbéèrè méjì: ṣé ilé yìí ṣe é tún ṣe, àbí ó ti kọjá àtúnṣe? Ṣé owó ilé tuntun ni wọn yóò san, àbí owó ilé tó ti gbó? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé kí àjálù tó dé. Ìjọba tó bá ra èyí tó ń yọ owó gbígbó kúrò fún ilé-ìkàwé ọlọ́gójì ọdún yóò gba owó tí kò lè kọ́ ilé-ìkàwé.

Ní tèmi, bí owó kò bá tó láti dáàbò bo gbogbo ilé ìlú, ó sàn kí wọ́n kọ iye tó pé fún ọsibítù, ilé iṣẹ́ omi àti ọjà ńlá, kí ìlú sì fi àpò ara rẹ̀ gbé gbọ̀ngàn kéékèèké, ju kí wọ́n kọ ìdajì iye fún gbogbo wọn lọ. Ẹlòmíràn lè rí i lọ́tọ̀, torí ìlú tí omi ń yọ lẹ́nu kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ìlú tí iná ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun méjì kò yẹ kó fa iyàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí, ti ń fi òfin múlẹ̀ pé láìsan owó, kò sí adójútòfò. Ètò ìsúná tó bá pẹ́ kó tó jáde ń sọ ilé ìjọba di aláìní ààbò fún gbogbo oṣù tó fi pẹ́. Ìkejì ni pé owó ìlú ló kọ́ àwọn ilé yìí. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ máa gbé àkọsílẹ̀ jáde lọ́dọọdún pẹ̀lú ètò ìsúná: orúkọ ilé, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé, ọdún tí wọ́n díyelé e kẹ́yìn, àti àwọn ewu tí àdéhùn rẹ̀ kò kà sí. Bí aṣòfin ìpínlẹ̀ kan bá rí 2021 lójú ìlà ọsibítù tó wà ládùúgbò rẹ̀, yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi kọmíṣọ́nà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìsúná náà.