Bí Hollywood Ṣe Ń Gba Ìbọn Láyè, Tó Ń Lé Ìbálòpọ̀ Sẹ́yìn

Ẹni tó bá ti wo The Dark Knight, fíìmù ọdún 2008, kò ní gbàgbé pẹ́ńsù. Joker, ọ̀daràn inú fíìmù náà, gbé pẹ́ńsù nàró sórí tábìlì, ó rá orí ọkùnrin kan mú, ó gbá a mọ́ ọn, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò ta sílẹ̀. Òǹtẹ̀ PG-13 ni wọ́n lù fún fíìmù náà, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 12 lè dá ra tíkẹ́ẹ̀tì kó sì wọlé. Lọ́dún 2010, The King's Speech dé, ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń kólòlò. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àmọ́ níbi tí ọba ti ń wá bí ahọ́n rẹ̀ ṣe máa tú, ó sọ̀rọ̀ rírùn léraléra, R ni wọ́n bá fún un: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ bá òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ wá.

Kì í ṣe ìjọba Amẹ́ríkà ló ń lu òǹtẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ńláńlá ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1968, àwọn òbí tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló sì ń wo fíìmù, orúkọ ọ̀pọ̀ wọn kò hàn sáyé. PG-13 ò sí níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1984 ló wọlé, lẹ́yìn tí àwọn òbí figbe ta nítorí Indiana Jones and the Temple of Doom, níbi tí ọkùnrin kan ti ki ọwọ́ bọ àyà ẹlòmíràn tó sì fa ọkàn rẹ̀ yọ. Steven Spielberg tó darí fíìmù náà wà lára àwọn tó dá a lábàá.

Ibẹ̀ lówó ti wọlé ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́langba ló ń kún ilé sinimá, nítorí náà PG-13 ni fíìmù olówó gọbọi ń lé. Ká nu ẹ̀jẹ̀ kúrò ti tó. Òkú lè pọ̀ bó ṣe wù ú. Ìwádìí kan tí ìwé ìṣègùn Pediatrics tẹ̀ jáde lọ́dún 2013 fi hàn pé ìbọn yínyìn nínú fíìmù PG-13 ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láti ọdún 1985. Nígbà tó fi máa di 2012, ó ti ju ti fíìmù R lọ. Lójú tèmi, ìbọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde lára èèyàn ló yẹ kí òbí bẹ̀rù jù, torí irọ́ ló ń pa fọ́mọ.

Àwọn alóǹtẹ̀ ní ohun tó ń kọ òbí Amẹ́ríkà lóminú làwọn ń tẹ̀ lé, pé ìbálòpọ̀ sì ni. Wọn ò purọ́. Òfin pàápàá fì síbẹ̀: lọ́dún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin California tó ní kí wọ́n má ta géèmù oníwà ipá fọ́mọdé, pé ọ̀ràn ìbálòpọ̀ nìkan ni òfin ìwà rírùn wà fún. Adájọ́ Breyer takò wọ́n. Ó béèrè ọgbọ́n tó wà nínú kí ọmọ ọdún 13 má lè ra àwòrán obìnrin oníhòhò, kó sì lè ra géèmù tí yóò ti di obìnrin náà lókùn, tí yóò dá a lóró, tí yóò sì pa á.

Lọ́dún 2013, fíìmù Faransé kan, Blue Is the Warmest Colour, gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes. Ọmọ ọdún 12 lè wò ó ní Faransé. Amẹ́ríkà lu NC-17 fún un nítorí ìran ìbálòpọ̀ rẹ̀, pé ẹni tí kò bá tíì pé 18 kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Ilé sinimá IFC Center ní New York sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama lè máa bọ̀. Kò sófin tó ká wọn lọ́wọ́ kò.