Fíríìjì Alágbèéká Nínú Mọ́tò àti Ọkọ̀ Ojú Omi: Ìlàlóye fún Àwọn Tó Ń Ti Iwofe Rìnrìn Àjò

Ta ni ìwé yìí wà fún?
Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Iwofe ní Port Harcourt gba ojú omi lọ sí àwọn ìlú etí odò, tàbí tí ẹ ń wa mọ́tò gba Emohua lọ sí Degema àti Abonnema, tí ẹ sì gbé oògùn tàbí oúnjẹ tí ooru lè bà jẹ́ dání. Níbi tí kò sí iná ìjọba, bátìrì ni fíríìjì gbójú lé. Kí ẹ tó béèrè bí fíríìjì ṣe tóbi tó, ẹ béèrè iye iná tó ń jẹ.

Kí lẹ fẹ́ gbé?
• Ínsúlínì tí ẹ kò tíì ṣí: 2°C sí 8°C. Èyí tó bá ti dì rí ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe lò ó, bó tilẹ̀ ti yọ́ padà. Ẹ má jẹ́ kó fara kan yìnyín.
• Ẹran, ẹja àti ọbẹ̀: 4°C, tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀.
• Ẹja dídì: 18°C sísàlẹ̀ òdo.
Ẹ fi tẹmómítà kékeré sínú fíríìjì, kí ẹ máa wò ó.

Èwo ni kí ẹ rà?
Èyí tó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tó ń lo bátìrì 12 fóòtì, ló lè kojú ooru wa. Kúlà oníná tí kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò wọ́n, àmọ́ kì í sábà fi ju nǹkan bí 20°C lọ tutù ju ìta. Bí ìta bá jẹ́ 33°C, inú rẹ̀ yóò wà ní bíi 13°C. Ínsúlínì kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀, ẹja náà kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ẹ má tan fíríìjì onígáàsì nínú ọkọ̀ tó pa dé: èéfín rẹ̀ ń pani. Bí ẹ ó bá padà dé lọ́jọ́ kan náà, kúlà tó nípọn àti yìnyín tó fún ẹja.

Ìṣirò bátìrì
Fíríìjì 48 wáàtì ń fa 4 ámúpù. Bó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì àkókò, yóò jẹ 48Ah (ámúpù-wákàtí) láàárín wákàtí 24. Bátìrì olómi 100Ah kò yẹ kí ẹ lò ó kọjá ìdajì, ìyẹn 50Ah. Ọjọ́ kan péré ni yóò gbé e. Bátìrì lítíọ́mù tó tóbi bákan náà lè fún yín ní nǹkan bí 80Ah.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì lè dá nǹkan bí 25Ah padà lọ́jọ́ tí oòrùn mú dáadáa, nítorí náà méjì ni ẹ nílò. Lásìkò òjò, ẹ má gbójú lé sólà nìkan. Ẹ máa nu ojú rẹ̀: ẹ̀érí dúdú tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run Port Harcourt láti ọdún 2016 ń dí oòrùn.

Kí ẹ tó gbéra
• Ẹ fi iná ilé mú fíríìjì tutù láti alẹ́ àná; ohun tó ti tutù nìkan ni kí ẹ kó sínú rẹ̀.
• Ẹ jẹ́ kí rìwáyà fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, kó sì fi fíúsì sí ìtòsí bátìrì. Ojú iná sìgá inú mọ́tò kì í gbé fíríìjì dáadáa.
• Bó bá jẹ́ bátìrì tó ń ṣíná mọ́tò ni ẹ ń lò, ẹ fi ààbò bátìrì tó wà lára fíríìjì sí “High”, kí fíríìjì lè kú kí bátìrì tó lọ tán.
• Ẹ fi àyè sílẹ̀ níbi tí fíríìjì ti ń mí. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ fi gírísì pa orí bátìrì nítorí omi iyọ̀.

Bí iná bá lọ lójú ọ̀nà
Ẹ má ṣí ìdérí fíríìjì. Ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó. Bí ínsúlínì bá ti kọjá 8°C, ẹ kọ àkókò náà sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera kí ẹ tó gún un.