Epo kpayo láàárín ilé: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kí iná tó sọ

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú. Ọmọ ọwọ́ méjì wà lára wọn. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ó jọ pé ìgbà tí wọ́n ń sọ àpò epo kalẹ̀ ni iná ràn.

Síbẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀, àwọn tó ń kó epo sínú yàrá ṣì wà láàárín wa. A mọ ilé wọn, a sì ń gbọ́ òórùn epo náà lóru. Òwò tí òfin kò gbà ni, ṣùgbọ́n òun ni aládùúgbò wa fi ń tọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí ojú fi ń tì wá láti wí.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹ jẹ́ ká péjọ, tàgbà tọ̀dọ́, ká fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ kí ó kó epo kúrò nínú ilé. Bí ó bá kọ̀, ká sọ fún olórí àdúgbò, kí òun mú wa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Kí ẹnikẹ́ni má lù ú, kí a má sì dáná sun ọjà rẹ̀: ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀daràn. Bí iná bá dé, kò ní bèèrè ẹni tó ni epo.