Eyín Nínú Ìdílé: Ohun Tí Ará Ilé Máa Ń Béèrè

Láti bí ọ̀sẹ̀ 6 tí oyún bá wà nínú ni eyín ti ń dá.

Gbòǹgbò eyín dà bí òkúta òkè: èyí tó wà nísàlẹ̀ ju èyí tójú ń rí lọ. Èèpo funfun tó bo orí eyín ló le jù lọ nínú ara ènìyàn, ó le ju eegun lọ, síbẹ̀ kò nípọn ju bíi mílímítà 2.5 lọ. Bó bá bà jẹ́, kì í hù mọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni ara eyín tó pọ́n díẹ̀ wà, tí ihò tín-ín-rín kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi tútù ń gbà ta ni. Àárín gbùngbùn ni ẹran rírọ̀ wà pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀. Eyín iwájú ní gbòǹgbò kan, èrìgì ìsàlẹ̀ ní méjì, ti òkè ní mẹ́ta.

Eyín ọmú jẹ́ 20. Méjì iwájú ìsàlẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ yọ, láàárín oṣù 6 sí 10. Méjì iwájú òkè, oṣù 8 sí 12. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, oṣù 9 sí 16. Èrìgì àkọ́kọ́, oṣù 13 sí 19. Eyín ṣóńṣó, oṣù 16 sí 23. Èrìgì ìkẹyìn, oṣù 23 sí 33. Bí ti òkè bá ṣáájú, ẹ má ṣe fòyà. Níhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àwọn kan láàárín àwọn Bàrìbá ti pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tàbí kí wọ́n lé e jáde nílé, pé àjẹ́ ni. Òfin ọmọdé Benin ti ọdún 2015 kọ ìpànìyàn yìí. Eyín tó ṣáájú kò fi ìwà ọmọ hàn rárá.

Ọdún 6 ni kí ìyá àti ìyá àgbà la ojú wọn sí. Lẹ́yìn èrìgì ọmú ìkẹyìn ni èrìgì àgbà kan máa ń yọ láìsí pé eyín kankan ká kó tó dé. Àwọn òbí á rò pé eyín ọmú ni, wọn á fi í sílẹ̀, kòkòrò á sì jẹ ẹ́. Ìyẹn ni èyí tí kò ní àrọ́pò. Eyín iwájú máa ń pààrọ̀ láti ọdún 6 sí 9. Ti ṣóńṣó àti àwọn tó tẹ̀lé e, 9 sí 12. Èrìgì àgbà kejì, 11 sí 13. Eyín ọgbọ́n, 17 sí 25, bó bá yọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32.

Eyín ọmú tó bá ká, kí ọmọ jù ú sórí òrùlé bí àwọn àgbà ti ń ṣe.

Orín kò wọ́n, ó sì wúlò: Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i láti 1987 fún àwọn tó jẹ́ àṣà wọn. Ẹ rún orí orín àta títí yóò fi di fọ́nrán, ẹ fi nu eyín láti ìdí lọ sí orí, tinú tòde, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì gé ibi tí ẹ lò sọnù. Flúóráìdì tó ń mú èèpo eyín le ni orín kò ní tó, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ ìfọyín kún un: bíi hóró ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, bíi hóró ẹ̀wà kan láti 3 sí 6. Kí ọmọ tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kó má fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu.

Ohun dídùn: ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ, lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń lá súwíìtì látàárọ̀ kò fún eyín ní ìsinmi, nítorí ìgbàkígbà tí ṣúgà bá dé ẹnu, ó tó bí ìdajì wákàtí kí ásíìdì tó ń fà tó rọlẹ̀.

Kàjú: ẹ má fi eyín fọ́ ọ, epo èèpo rẹ̀ ń jó ẹnu.

Bí eyín àgbà bá jábọ́, ẹ mú un níbi orí funfun, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ má ha á. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án wéré, ẹ tì í padà sáyè rẹ̀, kí ẹni náà fi eyín di aṣọ mú lórí rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, inú mílíìkì tútù ni kó wà títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, kí wákàtí kan má kọjá. Ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ ló dára jù. Eyín ọmú nìkan ni a kì í tì padà, nítorí ó lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.